Nọ́ńbà Kọ́ Ló Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé kí wọ́n lé kóòṣì tí kò fi sẹ́ńtà síwájú, ẹ gbọ́ ná! Ní 1953, ní Wembley, Hidegkuti ará Họ́ńgárì wọ nọ́ńbà 9, ṣùgbọ́n ó fà sẹ́yìn. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn á ṣí sílẹ̀. Bó bá dúró, Hidegkuti á ráyè. Góòlù mẹ́ta lòun nìkan gbá wọlé. 6-3 ni wọ́n na Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé wọn. Ní 2009, Messi tún irú rẹ̀ ṣe: Barcelona na Real Madrid 6-2. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ẹ̀wù tuntun ló wọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bú kóòṣì, ẹ wo ẹni tó ń sáré wọ àyè tó ṣí.