Ẹ̀sùn Tí Achebe Fi Kan Conrad

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fà láti ọdún 1975, àwa kò sì rò pé ó yẹ kí Òkè Ìdànrè dákẹ́ sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún náà ni olóògbé Chinua Achebe dìde ní Yunifásítì Massachusetts ní ìlú Amherst, ní Amẹ́ríkà, tí ó sì wí gbangba pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Joseph Conrad, ẹni tí àwọn Òyìnbó kà sí ọ̀gá nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn. Ìwé tí ó fi mú un ni Heart of Darkness, ìtàn kékeré tí ó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Blackwood's ní 1899, nípa atukọ̀ kan tí ń jẹ́ Marlow, tí ó gba ojú odò wọ àárín Áfíríkà lọ wá Kurtz, oníṣòwò eyín erin. Odò Kóńgò ni odò náà, bí òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti olùjẹ́jọ́. Conrad kì í ṣe ọ̀rẹ́ Léopold, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, ẹni tí ó sọ Kóńgò di oko ara rẹ̀ láti 1885 títí di 1908. Ó dé ibẹ̀ ní 1890, ó rí ohun tí ó rí, ìwé rẹ̀ sì tú àṣírí ìwọra àwọn oníṣòwò. E. D. Morel, ẹni tí ó fi kálàmù bá Léopold jà ju gbogbo ènìyàn lọ, yin ìwé náà gidigidi. Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ wí pé Marlow ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Conrad; wọ́n sì tún wí pé ọmọ ìgbà rẹ̀ ni, kò lè ju ìgbà rẹ̀ lọ.

Pé ó kórìíra ìwà Léopold, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà. Àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ nínú rẹ̀ bí igi inú igbó: apá ń jù, ojú ń yí, ariwo ń sọ; ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ní orúkọ. Díẹ̀ báyìí ni ibi tí a ti fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí ó yé ènìyàn: níbì kan, olórí àwọn atukọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a mú àwọn tí ó wà létí odò fún wọn jẹ, níbòmíràn, ọmọ-ọ̀dọ̀ kan kéde ikú Kurtz. Marlow kọ́ ni ó yan èyí. Òǹkọ̀wé ni í yan ẹni tí yóò fọhùn nínú ìtàn rẹ̀, kò sì sí ohùn mìíràn nínú ìwé náà tí ó dá Marlow lẹ́kun.

Ti ìgbà ni àwa kò gbà rárá. Ní 1890 kan náà, George Washington Williams, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, wà ní Kóńgò. Ní oṣù Keje ó kọ lẹ́tà gbangba sí Léopold, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba rẹ̀ sí i lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹ̀tàn tí wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baálẹ̀. Roger Casement, ẹni tí Conrad bá pàdé ní Matadi lọ́dún náà, padà gòkè odò ní 1903 gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó jókòó ti àwọn tí wọ́n sá kúrò nílé wọn, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, a sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904. Ọmọ ìgbà kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́, ó gbọ́.

Kì í ṣe ní Amẹ́ríkà ni Achebe ti kọ́ irú ìwé-kíkà yìí. Ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, níbi tí ó ti kàwé láti 1948 sí 1953, wọ́n fún wọn ní Mister Johnson, tí Joyce Cary tẹ̀ jáde ní 1939 nípa akọ̀wé ọmọ Nàìjíríà kan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún olùkọ́ wọn pé ibi kan ṣoṣo tí òun gbádùn ni ibi tí ọ̀gá Johnson ti yìnbọn pa á. Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìdájọ́ tiwa ni pé Achebe jàre. A kò sì bá àwọn tí ń fẹ́ kí a lé ìwé náà kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Kí a máa kà á, kí lẹ́tà Williams àti ìròyìn Casement sì wà lórí tábìlì kan náà.

Ẹjọ́ kan ṣẹ́ kù, ti ilé ni. Ta ni ó ń pe ayé àwọn baba wa lórí òkè ní “ìgbà òkùnkùn”? Conrad kọ́. Àwa ni, nínú ìwàásù, nínú ìwé àjọ̀dún, nínú ọ̀rọ̀ ìkíni níwájú àlejò. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà lókè níbẹ̀. Ìjòyè jókòó nínú rẹ̀, wọ́n dá ẹjọ́, wọ́n pẹ̀tù sí aáwọ̀. Láti 2007 ni òkè wa ti wà nínú ìwé tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO, àlejò sì ń gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ wá wò ó. Òkúta ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Mélòó nínú wọn ni ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbé ibẹ̀ rí?

Nítorí náà a bẹ gbogbo agboolé tí baba wọn ní ilé lórí òkè pé kí wọ́n kọ orúkọ onílé, iṣẹ́ rẹ̀, oríkì rẹ̀, àti ibi tí ilé náà wà, nígbà tí àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu òbí wọn ṣì wà láàyè. Kí àwọn ìjòyè àdúgbò gbà á jọ. Àwa yóò máa tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí lóṣooṣù, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó.