Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Olódo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Òwe yìí ti ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́ ní àdúgbò wa ní Lakowe. Bí ọmọ kò bá mọ̀wé, wọn á ní ayé ni ó gba orí rẹ̀. Bí ìyá arúgbó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣarán, tí ó ń gbàgbé orúkọ ọmọ tí ó bí, wọn á ní àjẹ́ ni ó ń jẹ́wọ́. Ní tèmi, kí a tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ìkòkò wa, ẹ̀yìnkùlé wa àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Bí ènìyàn bá gba ojú títì Lakowe lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, Ẹ̀pẹ́ ni yóò já sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Dókítà Benjamin Osuntokun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí agbègbè Ẹ̀pẹ́. Wọ́n bá àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ti kú, tí wọ́n ń ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí etí wọn sì ń di. Gbágùúdá ni oúnjẹ wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹran àti ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbágùúdá ní oró kan nínú tí à ń pè ní sáyánáìdì. Bí a bá rin ín, tí a jẹ́ kí ó kan dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó yan án, púpọ̀ nínú oró náà yóò lọ. Ìwọ̀nba tí ó bá kù, èròjà inú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ni ara fi ń pa á. Ẹni tí kò rí ìwọ̀nyí jẹ, iṣan rẹ̀ ni oró náà yóò máa bá jà. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé Osuntokun ti jiyàn pé gbágùúdá nìkan kọ́ ni ó fa àrùn náà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn dárúkọ àjẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí ní ọjọ́ kejì tí ẹ rin ín nítorí pé oníbàárà ń dúró, ọ̀rọ̀ yín nìyí.)

Ọ̀rọ̀ òjé ni ó dùn mí jù, nítorí pé mo jẹ̀bi níbẹ̀. Ní ọdún 1996, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan létí ọ̀sà, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí bàbá rẹ̀ ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe. Bàbá náà a máa yọ́ òjé inú bátìrì tí ó ti kú nínú agolo ní ẹ̀yìnkùlé, a sì rọ ọ́ ní kékeré fún àwọn apẹja láti fi sí etí àwọ̀n. Ọmọ yìí ni ó ń fẹ́ iná. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá ka ìlà mẹ́ta, ó ti gbàgbé èyí àkọ́kọ́. Inú a sì máa run ún ṣáá. Mo nà án. Mo pè é ní olódo lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbé e kiri ilé aládùúrà kí wọ́n lè bá a gba orí rẹ̀ padà. Kí ọdún tó parí, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ní ọdún 2010, mo gbọ́ ìròyìn Zamfara lórí rédíò. Ní Dareta, Yargalma àti àwọn abúlé mìíràn, wọ́n ń fọ́ òkúta wúrà nínú agbo ilé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Nínú àwọn tí ó yè, àwọn kan fọ́jú, àwọn kan di adití, ọpọlọ àwọn mìíràn kò sì jí pépé mọ́. Ara ọmọdé a máa gba òjé ju ti àgbàlagbà lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Inú rírun, ara tí kò balẹ̀ àti ìwé tí kò wọlé wà lára àmì rẹ̀. N kò lè búra pé òjé ni ó ṣe ọmọ mi yẹn, nítorí ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n èmi olùkọ́ tí ó yẹ kí n béèrè, pàṣán ni mo mú.

Ti àwọn arúgbó ńkọ́? Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti ń fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ọ̀hún, àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sókè. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, bí 12 ni àrùn ìgbàgbé tí à ń pè ní Alzheimer ń mú lọ́dún. Ní Indianapolis, bí 25 ni. Ìran kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ti Ìdíkàn kò sanra tó wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì pọ̀ láàárín wọn. Wàyí o, ní Lakowe, ọ̀kadà ni à ń gùn lọ sí ibi tí bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, iyọ̀ àti màgí sì ti pọ̀ nínú ọbẹ̀ ju ẹ̀fọ́ lọ.

Àwọn kan yóò ní owó ni kò sí. Òótọ́ ni, ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣa oúnjẹ jẹ. Ẹni tí ń yọ́ òjé pẹ̀lú, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni, n kò ní kí ìjọba lé e. Ṣùgbọ́n epo ọkọ̀ ní òjé nínú rí, àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà sì ti pa á tì láti ọdún 2006. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè fún àwọn oníbátìrì ní ààyè tí ó jìnnà sí ilé, pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, kí ó sì ka ọmọdé léèwọ̀ níbẹ̀. Mo ti bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ ní àdúgbò wa. Ó gbà, ó gbé agolo rẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ iṣẹ́ ni ó ṣì ń wọ̀ wọlé ní alẹ́, òun ni ó sì fi ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra; ìyẹn ni a ṣì ń bá ara wa fà.