Ààrẹ Tiwa, Ààrẹ Tiwọn

Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni Èkó ní kí Gómìnà Bọ́lá Tinúbú tó fi 37 kún un. Ìkòròdú di mẹ́fà, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà gba tiwọn. Ẹ̀pẹ́ di mẹ́ta. Ní 2004, inú bí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ó ní kí wọ́n má san owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́, títí kan ti àwọn 20 àtijọ́ tí òfin mọ̀. Inú irú owó bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde.

Èkó gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn adájọ́ ní àwọn 37 náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí ọwọ́ ilé aṣòfin àpapọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ààrẹ kò lágbára láti di owó náà mú. Ọbásanjọ́ ṣì dì í mú títí ó fi lọ. Yar'Adua ló tú u sílẹ̀ ní 2007. Àwa ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pè é ní ìfipá-jọba. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ó wá ku ti Rivers. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹta 2025, Tinúbú yìí kan náà, tó ti di Ààrẹ, kéde ìjọba pàjáwìrì níbẹ̀. Ó ní kí Gómìnà Fubara, igbákejì rẹ̀ àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi ọ̀gágun ojú omi kan tó ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀. Abala 305 nínú ìwé òfin sọ̀rọ̀ nípa pàjáwìrì. Kò sọ pé Ààrẹ lè lé gómìnà kúrò, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan. Abala 188 ló sọ bí a ṣe ń yọ gómìnà, kò sì fi í lé Ààrẹ lọ́wọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan l'Ábùjá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìkéde náà. Ariwo ẹnu ni wọ́n fi dìbò. Báwo ni wọ́n ṣe ka ariwo?

Wọ́n á ní Fubara wó ilé aṣòfin. Òótọ́ ni, ó wó o. Ṣùgbọ́n ní 2013, nígbà tí Boko Haram ń gba ìlú mọ́ ìjọba lọ́wọ́, Jonathan kéde pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, kò lé gómìnà kankan. Tinúbú bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn pàápàá!

Àwọn tó bú Ọbásanjọ́ ní Sábó nígbà yẹn ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn báyìí pé "Ààrẹ mọ ohun tó ń ṣe." Ẹ̀yin PDP náà, ẹ rọra. Nígbà tí Ọbásanjọ́ fi ọ̀gágun jọba ní Plateau ní 2004 àti ní Èkìtì ní 2006, ẹgbẹ́ yín ló wà lórí àga, ohùn yín kò sì ròkè tó báyìí.

Lọ́jọ́ tí Ààrẹ kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá bá ní kí gómìnà Èkó lọ sílé fún oṣù mẹ́fà, ẹnu wo la ó fi sọ fún un pé kò tọ́?