Igi Tí A Gé, Gbèsè Ni



Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìpògún láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó mọ̀ pé ilẹ̀ ìrókò, ọ̀mọ̀, arère àti ọ̀gànwó ni ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa kì í fi àáké kan ìrókò láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ olúwéré. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ètùtù nìkan kò san gbèsè igi. Kí ni à ń fi gẹdú náà ṣe lẹ́yìn tó bá ti wó?

Ayùn onímọ́tò tí a fi ń la gẹdú nínú igbó máa ń sọ nǹkan bíi mílímítà 8 di ìyẹ̀ lójú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ayùn ilé ìlagi kì í sábà ju 3 lọ. Bí a bá fi ti inú igbó la pákó mẹ́wàá tó nípọn ní íǹsì 1, ohun tó dànù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pákó mẹ́ta.

Ìkánjú ló tẹ̀ lé e. A ó gbé pákó tútù fún káfíńtà. Kò ní pẹ́ tí àga yóò fi wọ́, tí ilẹ̀kùn yóò há. A ó wá ní igi ilẹ̀ wa kò dára, a ó sì lọ ra ti òkèèrè. Igi kò jẹ̀bi. Abẹ́ òrùlé ni kí a to pákó sí fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá.

Ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924; British Museum ló wà títí di òní. Ohun tí igi lè dà nìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ní sùúrù.

Nítorí náà, kí àga àti tábìlì ojúbọ wa jẹ́ iṣẹ́ káfíńtà àdúgbò wa, láti inú pákó tó gbẹ. Bí a bá sì gé igi kan, kí a gbin méjì dípò rẹ̀. Tíìkì àti gmelina tó ti Éṣíà wá wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò ìrókò àti ọ̀mọ̀. Bí ọ̀mọ̀ bá tán nínú igbó, kí ni àwọn ọmọ wa yóò fi gbẹ́ ìlù òrìṣà?

Bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

Àṣẹ.