Kì í ṣe èdè Yorùbá ni kò jẹ́ kí eré wa tà lókè òkun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí títa ìwé eré sinimá fún àwọn ará òkè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí àwọn ọ̀dọ́ Kwara pa Yorùbá tì bí wọ́n bá fẹ́ rówó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Yorùbá ló gbilẹ̀ nínú fíìmù Aníkúlápó àti Ẹlẹ́ṣin Ọba, Netflix sì gbé méjèèjì fún gbogbo ayé wò lọ́dún 2022. Kúnlé Afọláyan ló ṣe Aníkúlápó. Ará Agbamu ní Kwara wa níbí ni bàbá rẹ̀, Adé Love.

Ẹ tún ní àwọn àjèjì kò lè wá ya fíìmù lọ́dọ̀ wa. Ní 1970, Ossie Davis, ará Amẹ́ríkà, ló darí Kongi's Harvest, tí Francis Ọládélé gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọlé Ṣóyínká ló kọ eré náà, síbẹ̀ fíìmù tó jáde kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bí iṣẹ́ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ kí ìkìlọ̀ yín dá lé. Kí ọ̀dọ́ tó fi eré ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, kó sì ka ìwé àdéhùn délẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Òǹkàwé yín,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.