Ta Ni Ń Wo Olùkọ́ Yunifásítì?

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ń ta ọjà kí ọmọ rẹ̀ lè wọ yunifásítì, ó sì kan àwa tíṣà náà.

Àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí NCE, tí a ń fẹ́ dìgírì láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, ìgbà ọlidé gígùn ni a máa ń lọ kàwé. Sáńwíìṣì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí búrẹ́dì níbẹ̀ o! Ní ibi tí mo lọ (n kò ní dárúkọ rẹ̀), ẹ̀kọ́ kan wà lórí bí a ṣe ń dán ọmọ wò tí a sì ń fún un ní máàkì. Òun ni mo ń retí jù, nítorí ọmọ 45 ni ó wà ní kíláàsì mi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a fojú kan ọ̀gá tí ó yẹ kí ó kọ́ wa. Bí ó bá dé, yóò jókòó, yóò ṣí ìwé kan tí ó ti gbó, yóò máa kà á, àwa yóò sì máa kọ ọ́. Ìyá àgbà kan láàárín wa nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan." Ó dáhùn pé, "Màmá, ẹ lọ ka ìwé tí mo tà fún yín." Ta ni yóò bá a jà? Òun náà ni yóò fún wa ní máàkì.

Kí wọ́n tó gbà kí n kọ́ ọmọ ọdún méje ní ìṣirò, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń wo bí mo ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Títí di òní, ọ̀gá ilé ìwé mi ń yẹ nóòtì ẹ̀kọ́ mi wò. Olùkọ́ yunifásítì ńkọ́? Ìwé ìwádìí tí ó bá kọ ni ó ń gbé e ga jù lọ. Láti 1948 títí di 1962, dìgírì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà ní Ìbàdàn, àwọn olùdánwò Lọ́ńdọ̀nù sì ń lọ́wọ́ sí ìdánwò wọn. Lónìí náà, olùdánwò máa ń wá láti yunifásítì mìíràn, ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò ni ó ń yẹ̀ wò. Kì í wọ kíláàsì.

Lóòótọ́, ìjọba kò tọ́jú wọn dáadáa. Ìyanṣẹ́lódì 2022 gba oṣù mẹ́jọ, a kò sì san owó oṣù fún wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí ó san owó ilé ìwé kọ́ ló jẹ wọ́n ní gbèsè. Obìnrin kan sì wà tí ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn ní ọlidé kan náà, kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Àwa 23 ti kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka náà, a fi orúkọ gbogbo wa sí i, kí ó má baà rí ẹnì kan ṣoṣo mú. A ní kí wọ́n máa bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bí olùkọ́ ṣe kọ́ wọn, láìkọ orúkọ, kí máàkì tó jáde. Èsì kò tíì dé. Ọlidé tí ń bọ̀, ọ̀gá yìí náà ni wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri fún wa.