Ọba Kì Í Pa Ọ̀kọrin

Ilé tí kò ní ẹnìkan tí ó ti gbé Àbíjàn rí kò pọ̀ ní Èjìgbò. Nítorí náà ni èdè Faransé kò fi jẹ́ àjòjì ní ọjà wa, tí ó sì fi rọrùn fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa láti gbọ́ ohun tí àwọn tí ń sọ èdè náà ń wí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú yìí lóṣù yìí, èyíinì ni iṣẹ́ tí àwọn ọ̀kọrin méjì bẹ̀rẹ̀ ní Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ní ọdún 2013.

Xuman àti Keyti ni à ń pè wọ́n. Journal Rappé ni wọ́n sọ iṣẹ́ wọn, èyí tí í ṣe ìròyìn tí a fi ráàpù kà, orin tí a ń wí kíákíá lórí ìlù bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Wọn a wọ kóòtù, wọn a jókòó bí àwọn tí ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn a sì máa fi orin ka ohun tí ìjọba ṣe, ohun tí ó ṣèlérí tí kò ṣe, àti ìnira aráàlú. Orí YouTube àti tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ènìyàn ti ń wò wọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń mú ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a máa ta bí ata.

Xuman a sọ tirẹ̀ ní èdè Faransé, Keyti a sì gbà á ní èdè Wólọ́ọ̀fù. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí òǹkàwé wa fara balẹ̀ sí. Keyti kì í ṣe ògbufọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ọgbọ́n inú èdè tirẹ̀ ni ó fi ń dá tirẹ̀ sọ, ẹni tí kò sì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí lè gbọ́ ọ yékéyéké. Ní ọdún 2014, àwọn ará Ùgáńdà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, NewzBeat, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Lùgáńdà. Àwa ńkọ́?

Kò yẹ kí a gbọ́ èyí kí a wá yanu bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, òru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti jẹ́ ìwé ìròyìn kí ìwé tó dé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè wí ní ọ̀sán, ẹlẹ́fẹ̀ a fi orin tú u síta, ilẹ̀ a mọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í léèrè. Adébáyọ̀ Fálétí àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì wọ inú rédíò. Hubert Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fi òfin dè é títí di ọdún 1966. Lónìí, orúkọ ta ni aráàlú rántí, ti Ògúndé ni àbí ti akọ̀wé tí ó tẹ ìwé òfin náà?

Àwọn ọ̀dọ́ wa kò yadi. Ráàpù Yorùbá ti gbilẹ̀ láti ìgbà Dagrin, ẹni tí ó kú ní ọdún 2010. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa, ìyìn ara ẹni àti ọ̀rọ̀ owó ni ó kún inú ọ̀pọ̀ rẹ̀. A kì í sì í dá wọn lẹ́bi tán, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni ọlọ́pàá ti fi mú ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa àwọn aláṣẹ. Ní ọdún 2024 ni a tún apá kan rẹ̀ ṣe kí ó má baà gbòòrò bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, ẹ mọ ohun tí ó ń sá fún.

Ẹ̀yin baba wa, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Nínú ọdún Ògìyán, Ìsàlẹ̀ Òṣólo àti Òkè Màpó a máa fi àtòrì na ara wọn, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tí ẹgba bà níbẹ̀ gbé ẹjọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni a ń tọrọ fún ọ̀kọrin. Ó rọrùn láti pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin bá ń bá Àbújá wí. Ọjọ́ tí ó bá kan ilẹ̀ tí a tà fún ẹni méjì, tàbí oyè tí a fi owó jẹ, ní ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ bí a bá gba òwe tí ó ṣe àkọlé wa yìí gbọ́. A kò wí pé kí ọmọdé máa bú àgbà. Ẹni tí ó bá purọ́ mọ́ ọmọnìkejì, kí ó wá dáhùn. Ṣùgbọ́n èébú ọ̀tọ̀, ìbáwí ọ̀tọ̀.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ àwọn àgbà tí òwe àti ìtàn ìlú wà lẹ́nu wọn pé kí wọ́n má lé àwọn ọmọ wọ̀nyí sẹ́yìn, kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sì fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọrin. Bí àwọn ọmọ náà kò bá sì mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn wọn, ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ tiwa yìí wà níbẹ̀, kí wọ́n wá gbé e yẹ̀ wò.